Ọjọ́ Tí Wọ́n Ka Ẹ̀jẹ̀ Mi

Orí àtẹ̀gùn bíríìjì elẹ́sẹ̀ tí ó gba orí ojú irin kọjá ní Èbúté Mẹ́ta ni ara mi ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan kò dọ́gba mọ́. Ọdún méje ni mo ti ń gun àtẹ̀gùn náà láràárọ̀ bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìdó, n kò sì ka gígùn rẹ̀ sí nǹkan kan rí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gùn ún dé ìdajì, ẹsẹ̀ mi wúwo, àyà mi sì ń lù débi pé mo ń gbọ́ ọ ní etí mi méjèèjì, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń gúnyán ní yàrá kejì. Mo di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ru agbọ̀n ẹja yíyan kọjá lára mi, ó ní, "Ẹ rọra o, bọ̀dá," ó sì bá tirẹ̀ lọ sókè. Ojú tì mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo ga, mo sì sanra, arúgbó tí ó ru ẹrù ló sì fi mí sílẹ̀ yẹn.

Múfútáù ni orúkọ mi. Iṣẹ́ mi láyé ìgbà tí gbogbo ìlú ń pariwo Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, ni kíka ẹrù ní ilé ẹrù reluwé. Bí ọkọ̀ ojú irin bá kó ẹ̀wà àti ọkà bàbà dé láti òkè ọya, èmi àti ọ̀gá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Délé, ni a máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wágọ́nù. Bí àwọn alábàárù bá ti ń gbé àpò kọjá ni a ó máa fa ìlà sínú ìwé: ìlà mẹ́rin, a ó sì fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Ìdúró yẹn ti ba ẹ̀yìn mi jẹ́. Ó tó ọdún kan tí mo ti ń gbé hóró oògùn ara ríro méjì mì láràárọ̀ kí n tó fi nǹkan kan kan ẹnu, ó sì máa ń di mẹ́rin bí ẹrù bá pọ̀. N kò tilẹ̀ ka ìyẹn sí oògùn. Bí ẹlòmíràn ṣe ń mu tíì ni èmi ń lò ó.

Ìyàwó mi, Rísíkátù, tí mò ń pè ní Àbẹ̀kẹ́, wà nínú oyún oṣù mẹ́fà. Ọdún márùn-ún ni a fi retí oyún náà, ẹ̀yin tí ẹ ti retí irú rẹ̀ rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé ó ń rẹ̀ mí, ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ṣe fún un ní kíníìkì aboyún, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Bọ̀dá Múfú, inú ojú yín funfun. Ẹ̀jẹ̀ ni ò tó lára yín."

Láti ọjọ́ náà ni dókítà mi yìí ti ń pín oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún un ní kíníìkì sí méjì, kí èmi lo ọ̀kan, kí òun náà lo ọ̀kan. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí a bá jọ ní, a ó jọ lò ó ni.

Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ fún àwọn aboyún pé oògùn náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú nítorí èròjà irin tí ó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má bẹ̀rù. Nítorí náà, nígbà tí tèmi dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀rín la fi rín. Àbẹ̀kẹ́ ní oyún ti ràn mí. Ẹ fi ọkàn sí ibi yìí o, ẹ̀yin òǹkàwé mi, torí ibẹ̀ ni a ti ṣìnà. Ìgbẹ́ mi ti dúdú ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó gbé hóró kan mì nínú oògùn Àbẹ̀kẹ́. Mo tilẹ̀ sọ fún un nígbà náà, a sì jọ di ẹ̀bi náà ru ẹ̀fọ́ tí màmá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Múṣin. Nígbà tí oògùn wá dé, a gbàgbé èyí tí ó ṣáájú. Ìfẹ́ ló mú kí ó fún mi lóògùn, oògùn náà ló sì bo àmì àìsàn mi mọ́lẹ̀.

Òfin kan wà ní ilé ìwòsàn tí ó ń lọ, àwọn tí ó bímọ láyé ìgbà náà kò ní gbàgbé rẹ̀: ọkọ aboyún gbọ́dọ̀ wá fi páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan sílẹ̀ ní orúkọ ìyàwó rẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ yóò ya lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lọ. Àwa ọkọ aboyún jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà láàbù, à ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, oníkálukú ń ṣe bí akọni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ kò sí lára ilẹ̀kùn náà.

Obìnrin tí ó wà nínú láàbù ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, Màmá Láàbù ni gbogbo wọn ń pè é. Ó máa ń gún ìka lábẹ́rẹ́, á sì kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ife kan tí omi búlúù wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ki dáadáa, yóò rì lọ sísàlẹ̀, wọn yóò sì ní kí ẹni náà lọ dùbúlẹ̀. Tàwọn tó ṣáájú mi rì. Tèmi dúró lókè omi. Ó tún gún ìka mìíràn, ó tún kán an sí i, òun náà kò rì.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin gan-an lẹ nílò ẹ̀jẹ̀ yìí," ó rọra sọ ọ́ kí àwọn tó wà níta má baà gbọ́.

Ó mú mi lọ bá dókítà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí oorun wà lójú rẹ̀. Dókítà kọ ìwé pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kí wọ́n sì ka iye sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó wà nínú rẹ̀. Bí Màmá Láàbù ti ń so rọ́bà mọ́ mi lápá, mo bi í pé, "Màmá, ẹ ní kò tó, ẹ tún fẹ́ fà nínú ẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù.

N óò sọ ohun tí àyẹ̀wò yẹn jẹ́ bí obìnrin náà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi pupa lásán. Omi inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi òróǹbó ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa, tí wọ́n kéré débi pé ojú kò lè rí wọn, ni wọ́n ń léfòó nínú rẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi pupa. Àwọn ni alábàárù ara. Wọ́n ń gbé atẹ́gùn tí a fà símú láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ẹsẹ̀, sí apá, sí ọpọlọ. Bí wọ́n bá dín, ọkàn yóò máa sáré kí ìwọ̀nba tí ó kù lè lọ bọ̀ kíákíá, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àyà mi fi ń lù lórí àtẹ̀gùn.

Ó gbà mí láyè láti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wò ó. Ó fi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ bíńtín, ó pò ó mọ́ omi kan, ó kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ti fín ìlà wínníwínní sí lára bí ojú ìwé ìṣirò. Ó wá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ojú rẹ̀ wà lórí awò, ìka rẹ̀ ń tẹ nǹkan kékeré kan tí ń dún ká, ká, ká. Kò ka gbogbo rẹ̀. Ó ka àwọn igun mélòó kan, ó sì sọ ọ́ di púpọ̀. Mo rí i pé iṣẹ́ mi ni obìnrin yìí ń ṣe. Bí a bá ka àpò tó wà ní ìlà kan nínú wágọ́nù, tí a sì mọ iye ìlà, a ti mọ iye àpò.

Nígbà tí èsì jáde, ohun kan rú mi lójú. Iye sẹ́ẹ̀lì mi dín, ṣùgbọ́n kò dín tó bí mo ti rò. Àyẹ̀wò kejì ló burú, èyí tí wọ́n ń pè ní Pí-Sí-Fí, tí wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ nínú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kí ohun tó pupa lè sùn sísàlẹ̀, kí wọ́n sì wo bí ó ti ga tó. Tèmi jẹ́ mẹ́tàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ó yẹ kí ti ọkùnrin lé ní ogójì. Mo bi í bí ìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní sẹ́ẹ̀lì náà wà, ṣùgbọ́n wọ́n kéré, wọ́n sì ṣófo. Kò sí èròjà irin tó lára mi láti fi mọ wọ́n. Ìyẹn yé mi kíákíá. A ti gba ẹrù bẹ́ẹ̀ rí ní Ìdó: àpò sún mọ́ iye tó yẹ, ṣùgbọ́n bí a ṣe gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó fúyẹ́, torí ẹnì kan ti ń bu ẹ̀wà nínú wọn lójú ọ̀nà.

Ohun tí n kò rò dé ìparí ni èyí: kíka ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé ẹrù dín, kò lè sọ ẹni tó ń bù ú. Aláìsàn ló gbọ́dọ̀ ran dókítà lọ́wọ́ láti mú olè náà. Dókítà bi mí bí ìgbẹ́ mi ti rí. Mo ní dúdú ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi tí mò ń lò ló fà á. Ó mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi mí bóyá mò ń lo oògùn mìíràn. Mo ní rárá, n kò sì mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ sí i fún mi, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Irọ́ tí mo mọ̀ọ́mọ̀ pa ni ti ilé. Pílásítà ibi tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lápá mi nígbà tí mo wọlé. Àbẹ̀kẹ́ rí i, inú rẹ̀ dùn, ó ti se ẹ̀dọ̀ màlúù àti ẹyin sílẹ̀ fún ọkọ tó fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. N kò lè la ẹnu sọ pé wọ́n kọ̀ mí. Mo jókòó, mo jẹ ẹ̀dọ̀ náà tán, kò sì sí oúnjẹ tó korò lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n Délé ni mo sọ òtítọ́ fún lọ́jọ́ kejì. Ó gba káàdì Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ó fi páìǹtì kan sílẹ̀ ní orúkọ ìyàwó mi, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìgò mínírà tí wọ́n fún un lọ́wọ́.

"Sọ fún ìyàwó ẹ pé bí ọmọ yẹn bá ń hanrun bíi tèmi, kó má bínú sí ẹ o. Ẹ̀jẹ̀ mi ni."

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan sí i tí mo ṣubú. À ń ka ẹ̀wà lọ́wọ́, mo sì ṣàdédé rí i pé n kò mọ ibi tí mo kà á dé. Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo yíjú sí Ẹ̀gbọ́n Délé láti bi í, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí yí. Mo bì, ohun tí mo bì sì dúdú, ó rí wúruwùru bí gàrí tí wọ́n yan jóná. Ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ nínú ikùn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró wo àárọ̀ ọ̀la, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ.

Ẹ̀gbọ́n Délé fi takisí gbé mi dé ibẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Àbẹ̀kẹ́, ó sì gbé ikùn rẹ̀ wá. Mo ń gbọ́ ohùn wọn bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Dókítà ọjọ́sí tún ń sọ̀rọ̀ nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Àbẹ̀kẹ́ ti ọwọ́ bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó yọ sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ara ríro jáde, ó gbé e lé orí tábìlì.

"Dókítà, ẹ má bínú. Ó ti dúdú kí n tó fún un ní oògùn kankan. Èyí ló máa ń lò láràárọ̀, ìyẹn láìtíì jẹun."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú olè. Oògùn ara ríro ti dá ọgbẹ́ sí mi nínú, èyí tí àwọn ará wa ń pè ní ọ́sà, ọgbẹ́ náà sì ti ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n fún mi ní nǹkan funfun bí ẹ̀kọ mímu tó dà bí ẹfun lẹ́nu, wọ́n ya ẹ́síréè, wọ́n sì fi ojú ọgbẹ́ náà hàn mí.

Nígbà tí mo lajú dáadáa lórí bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù, ẹ̀jẹ̀ ti ń kán wọ apá mi. Ojú mi ti mọ́ra láti máa ka ìwé pélébé ara àpò, mo bá wo èyí tó wà lára àpò ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n kọ "Rísíkátù" sí i. Wọ́n fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n sì kọ orúkọ mi sí abẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló sọ ìyókù fún mi. Kò sí ẹ̀jẹ̀ irú tèmi mìíràn nílẹ̀. Dókítà ti sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé bí òun bá gbé e fún mi, kò ní sí nǹkan kan ní orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà sì ti lọ sílẹ̀ nítorí ìdajì oògùn tó ń lò. Àbẹ̀kẹ́ ní kí wọ́n gbé e fún mi. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi ni, pé ti Ẹ̀gbọ́n Délé ni.

Mo sunkún. Mo wo obìnrin náà, tí ó ti sùn lọ lórí àga pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, mo sì mọ̀ pé bí nǹkan bá ṣe é lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, èmi ni mo mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó jí, mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ṣeé wá," ó ní. "Níbo ni mo ti fẹ́ wá bàbá fọ́mọ yìí?" Ó wá tún aṣọ ìbora mi ṣe. "Ẹ̀dọ̀ tí ẹ jẹ lọ́jọ́sí ńkọ́, ẹ rò pé mo ti gbàgbé?"

Ẹ̀jẹ̀ kò rọrùn láti wá. Ẹni mẹ́rin níbi iṣẹ́ wa ló ṣèlérí. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì bá tiwa mu. Ó kù díẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n Délé tún lọ, Màmá Láàbù ló lé e jáde pé èyí tó kọ́kọ́ fi sílẹ̀ kò tíì pẹ́ tó. Èmi ní tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú ara bí ẹni tí wọ́n fi ẹrù ẹlẹ́rù pamọ́ sí lọ́wọ́. Mo ju oògùn ara ríro dànù. Mo lo oògùn ọgbẹ́ inú bí wọ́n ti ní kí n lò ó, mo ń jẹun lásìkò, mo sì ń jókòó lórí àpótí ka ẹrù. Láràárọ̀, mo máa ń dúró ti Àbẹ̀kẹ́ títí yóò fi gbé oògùn tirẹ̀ mì, odidi, kò sí pé à ń pín in. Ó ní wọ́dà ẹ̀wọ̀n ni mo dà. Lọ́sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń ka ẹ̀jẹ̀ mi, iye rẹ̀ sì ń gòkè, ṣùgbọ́n kò yá tó bí ikùn ìyàwó mi ti ń yára.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ó rọbí. Ẹ̀jẹ̀ mi ti dé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, wọn kò sì lè gbà á lọ́wọ́ mi síbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni mò ń dìde. Ìyá àgbẹ̀bí kan jáde wá, ó ń nu ọwọ́.

"Bàbá ọmọ dà? Ó ti bímọ o, obìnrin."

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Ẹ̀jẹ̀ wo? Ara ẹ̀ le, ó ń bèèrè oúnjẹ."

Mo kàn jókòó padà, mo gbé orí lé ọwọ́, n kò sì mọ iye ìgbà tí mo sọ pé alhamdulilahi.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ka ẹ̀jẹ̀, ẹ má sá. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ̀ ń lò dání, àti èyí tí ẹ kò kà sí oògùn. Bí ìgbẹ́ yín bá dúdú, ẹ rántí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì sọ ọ́. Ara a máa sọ̀rọ̀. Àwa la máa ń dá a lóhùn kó tó sọ tán.

Ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta nígbà tí mo ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn. Iye sẹ́ẹ̀lì pé, ìwọ̀n wọn pé. Dókítà wá sọ ohun kan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: sẹ́ẹ̀lì pupa kì í lò ju bí oṣù mẹ́rin lọ láyé, á kú, ara á sì mọ òmíràn láti inú mùdùnmúdùn eegun. Ó ní kò sí ìkankan mọ́ lára mi nínú èyí tí wọ́n fà sí mi lọ́jọ́ náà. Gbogbo ohun tó wà lára mi ti di tèmi. Mo rin ọ̀nà ilé lọ́jọ́ náà, mò ń ro ara mi, irú iṣẹ́ tó ń ṣe láìsọ fún mi, àti àwọn ènìyàn méjì tó dúró dè mí títí ó fi lè ṣe é.

Mo bá Àbẹ̀kẹ́ níbi tó ti ń wẹ ọmọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ fún un pé dókítà ní páìǹtì ẹ̀jẹ̀ tó fún mi ọjọ́sí ti tán pátápátá.

Kò gbójú sókè. Ó da omi sí ọmọ náà lẹ́yìn, ó sì fi aṣọ wé e.

"Ó ti tán? Ó dáa náà," ó ní. "Ẹ wá gbọ́mọ yín."